Ọdẹ Ṣíṣe àti Ẹja Pípa Lọ́wọ́ Ẹni tí Ó Padà Súnmọ́ Ẹbí: Àpẹẹrẹ Agbègbè Apẹtẹ, Ìbàdàn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi bá padà wá gbé nítòsí ẹbí rẹ̀ ní Apẹtẹ, tí ó sì fẹ́ máa dẹ ìgbẹ́ tàbí kí ó máa pa ẹja. Èrò wa ni pé ìbọn, àwọ̀n àti ìwọ̀ ṣeé rà lọ́jà, ṣùgbọ́n àṣẹ àtiwọ igbó, ìmọ̀ iṣẹ́ àti ẹnu tí yóò jẹ ẹran kò ṣeé rà. Ọwọ́ ẹbí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Nísinsìnyí tí ilé ti ń gba ipò igbó, ìmọ̀ yìí ni ogún tí ó kù, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti kó o pamọ́ kí ó tó bá àwọn àgbà lọ.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Òwe yìí bá ipò ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń padà sí Ìbàdàn lóde òní mu. Àwọn kan ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Àwọn mìíràn fi Èkó sílẹ̀ nítorí owó ilé tàbí nítorí pé bàbá tàbí ìyá wọn ti di arúgbó. Bí wọ́n ti dé, ọwọ́ wọn a dilẹ̀. Lára wọn ni ẹni tí ó rántí pé ọdẹ ni bàbá òun àgbà, tàbí pé òun máa ń ju ìwọ̀ sódò nígbà ọmọdé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a fẹ́ mú iṣẹ́ náà padà.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹbí kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ náà láìṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe? A ó kọ́kọ́ wo agbègbè náà, lẹ́yìn náà a ó wo ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti pípín ẹran. A ó fi ohun tí olùkọ́ lè ṣe kádìí rẹ̀.

Apẹtẹ àti Odò Ọ̀nà

Ní àtijọ́, ará Ìbàdàn a máa ní ilé nínú agbo ilé ní ìgboro, a sì tún máa ní abúlé lóko. Kò sí ẹni tí ó ka ìrìn láàárín méjèèjì sí àjò. Lára ilẹ̀ oko bẹ́ẹ̀ ni Apẹtẹ jẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Àwọ̀tán àti Àkùfọ̀. Nígbà tí a dá Pólì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1970, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá ilé gbé nítòsí, ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbẹ̀. Lónìí, ibi tí ọ̀yà ti ń jẹ koríko tẹ́lẹ̀ ti di òpópónà.

Odò Ọ̀nà ni omi tí ó gbajúmọ̀ jù ní agbègbè náà. Ní 1942 ni a sé odò yìí ní Ẹlẹ́yẹlé kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Adágún tí ó ti ibẹ̀ jáde di ibi ẹja pípa, títí di òní ni àwọn apẹja sì ń tu ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò náà mọ bí a ti í bínú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mú kí omi kún bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, afárá Apẹtẹ sì wà lára àwọn tí omi wó. Ẹni tí ó bá fẹ́ padà sídìí odò yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé ọjọ́ náà.

Ohun tí Ọdẹ Ń Gbà Lọ́wọ́ Ẹbí

Ohun kìíní ni àṣẹ. Ní Ìbàdàn, ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ igbó tí ó kù. Mọ́gàjí ni olórí ẹbí, baálẹ̀ ni olórí abúlé, Olúọ̀dẹ sì ni olórí àwọn ọdẹ. Ẹni tí ó bá wọ igbó láìjẹ́ kí àwọn wọ̀nyí gbọ́ lè bá àgbẹ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀, wọ́n sì lè pè é ní olè. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ a máa dẹ tàkúté sí ojú ọ̀nà ẹran, wọ́n a sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, bí àpẹẹrẹ màrìwò tí a so tàbí ẹ̀ka tí a ṣẹ́. Àlejò kò lè ka àmì yìí. Ọmọ ẹbí tí kò fi abúlé sílẹ̀ rí ni yóò kà á fún un.

Ohun kejì ni ìmọ̀. Ìmọ̀ ọdẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ kí ó tó kan ìbọn. Ọdẹ a máa wo ojú ẹsẹ̀ ẹran bóyá ó tútù tàbí ó ti gbẹ. A máa wo ìgbẹ́ rẹ̀ àti koríko tí ó gé. Ọ̀yà a máa gé ìdí koríko wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Òkété a máa gbẹ́ ihò tí ó ní ju ẹnu kan lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá dúró sí ẹnu kan ṣoṣo yóò padà lọ́wọ́ òfo. Ọdẹ a bu erùpẹ̀ gbígbẹ, a dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ kọrí sí, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn ènìyàn lọ bá ẹran, ẹran ti sá nìyẹn. Ọdẹ òru kì í sì í fẹ́ràn òṣùpá tí ó mọ́lẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ó fi ẹran han ọdẹ ni ó ń fi ọdẹ han ẹran.

Ẹ̀kọ́ tí ó le jù ni ti ojú ẹran lóru. Bí iná tí ọdẹ so mọ́rí bá kan ojú ẹran, ojú náà a tàn bí ẹyin iná. Ọdẹ gbọ́dọ̀ wo bí ojú náà ti ga tó láti ilẹ̀, bí méjèèjì ti jìnnà síra tó, àti bí ó ti ń yí. Ojú ewúrẹ́ aládùúgbò a máa tàn, ti màlúù náà a sì máa tàn. Ènìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn kì í sì í ju òjìji lọ lójú ẹni tí ń kánjú. Ní agbègbè bí Apẹtẹ, níbi tí ilé ti ń yọ láàárín igbó, ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Àgbà ọdẹ kò ní jẹ́ kí ẹni tuntun yìnbọn títí yóò fi lè dárúkọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ lè dé abúlé, kí ó sì rí i pé àbúrò òun ni ó mọ igbó. Nílé, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n: àbúrò ni yóò dọ̀bálẹ̀ kí i, tí yóò sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti wọ igbó, àbúrò ni yóò ṣíwájú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná" tí ó bá sọ níbẹ̀ ti di àṣẹ, ọ̀wọ̀ kò sì kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó bá lè gbé àpò tẹ̀lé àbúrò fún ọdún kan yóò di ọdẹ. Ẹni tí ó bá ní òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìbọn olówó ńlá rẹ̀ ni ewu àkọ́kọ́ tí ẹbí ní láti ṣọ́ra fún.

Ohun tí Apẹja Ń Gbà Lọ́wọ́ Ẹbí

Ẹja pípa kò le tó ọdẹ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n òun náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Apẹja gbọ́dọ̀ mọ àsìkò. Nígbà òjò, omi a kún wọ inú koríko etí odò, ẹja púpọ̀ a sì wọ ibẹ̀ lọ yé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a fà, ẹja a kó jọ sínú kòtò tí ó jìn. Ẹni tí ó dàgbà lẹ́bàá odò ni ó mọ ibi tí kòtò náà wà, òun náà ni ó sì mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti lè gbé ènìyàn mì.

Ohun èlò náà ní ọgbọ́n nínú. Ẹ jẹ́ kí a wo ìgèrè. A fi ọpá tẹ́ẹ́rẹ́ hun ún, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n a to àwọn ọpá kan sínú ọ̀fun rẹ̀ tí orí wọn kọjú sí inú. Bí ẹja bá ń wọlé, àwọn ọpá náà a yà fún un. Bí ó bá fẹ́ jáde, orí wọn a dojú kọ ọ́. Ti àwọ̀n náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré jù a máa kó ọmọ ẹja, odò a sì ṣófo ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Bákan náà, irú àwọn epìyà kan a máa fi ẹnu gbé ẹyin àti ọmọ wọn kiri. Ẹni tí ó bá mú ìyá ní àsìkò náà ti mú gbogbo ọmọ pẹ̀lú rẹ̀. Àrọ̀ ní tirẹ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́ nínú ẹrẹ̀ níbi tí ẹja mìíràn ti kú.

Ìyà Ọdẹ àti Pípín Ẹran

Ohun kẹta ni ẹnu tí yóò jẹ. Òwe wa sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí òwe yìí ń fi hàn ni pé ọdẹ kì í ro ó. Pípín ni òpin iṣẹ́ náà. Ìpín a máa yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì, ṣùgbọ́n níbi gbogbo, àgbà ẹbí ní tirẹ̀, ẹni tí ó bá ọdẹ lọ ní tirẹ̀, aládùúgbò náà kì í sì í wò lásán. Ẹni tí ó pa ọ̀yà kan nígbà tí ó ń dá gbé ní ìlú òkèèrè ní oúnjẹ nìkan. Ẹni tí ó pa á nítòsí ẹbí ti rí ìdí tí ìyá rẹ̀ àgbà yóò fi kì í ní oríkì, tí ọmọ kékeré yóò fi béèrè orúkọ ẹran náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹbí náà ni ó ń sin ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ṣe ìṣípà fún un. Wọ́n a kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọ́n a sì sun ìrèmọ̀jé láti yà á kúrò láàárín ọdẹ tí ó wà láàyè. Bí ọmọ rẹ̀ kò bá sí nítòsí láti pè wọ́n, ìbọn a dógùn-ún sí igun ilé, orin náà a sì wà láìsun.

Òfin àti Ìyípadà Òde Òní

Ó yẹ kí ẹni tí ó padà mọ̀ pé ayé ti yí. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní ìbọn. Láti 1985 ni Nàìjíríà ti ní òfin tí ó dáàbò bo àwọn ẹranko tí ó fẹ́ run. Akíka wà lára àwọn tí gbogbo àgbáyé fohùn ṣọ̀kan ní 2016 láti má ṣe máa tà kọjá ẹnu ibodè mọ́. Gamalin tí àwọn kan ń dà sódò láti pa ẹja ní èròjà tí àdéhùn àgbáyé fi kún àwọn májèlé tí a ń gbógun tì ní 2009. Ó ń pa ọmọ ẹja, ó sì ń wọ ara ẹni tí ó jẹ ẹja náà. Ìdọ̀tí ìlú àti koríko orí omi náà ń yọ adágún Ẹlẹ́yẹlé lẹ́nu.

Àwọn kan ti wá ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ń sin àrọ̀ nínú odò àtọwọ́dá ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn mìíràn sì ń sin ọ̀yà. Bákan náà, nígbà tí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, a gba àwọn ọdẹ sínú rẹ̀ nítorí ìmọ̀ igbó tí wọ́n ní. Èyí fi hàn pé ìmọ̀ náà wúlò ju ẹran lọ.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Wọ́n ní tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ, dídá ni yóò dá. A dábàá ohun mẹ́ta fún akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Èkíní, kí ó kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Bí àpẹẹrẹ, inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, "dẹ", ni a ti ṣẹ̀dá "ọdẹ" àti "ìdẹ". Ìdẹ sì wà lẹ́nu ìwọ̀ bí ó ti wà nínú tàkúté, tí ó fi hàn pé èdè wa ka ọdẹ àti apẹja sí ìbátan. Èkejì, kí ó rán ọmọ kọ̀ọ̀kan sí àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ láti béèrè orúkọ ẹran márùn-ún, ẹja márùn-ún, àti ibi tí wọ́n ti ń rí wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó pe àgbà ọdẹ kan wá sí kíláàsì láti sọ̀rọ̀ àti láti sun ìjálá, láìmú ìbọn dání. Adébóyè Babalọlá ti fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1966 hàn pé oríkì ẹranko, ti ewéko àti ti orílẹ̀ wà nínú ìjálá. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ yóò rí i pé igbó Apẹtẹ ní orúkọ kí ó tó ní nọ́ńbà ilé.

Ìkádìí

A ti fi hàn pé pípadà sí ìtòsí ẹbí ni ó ń sọ ìbọn àti ìwọ̀ di iṣẹ́. Ẹbí ni ó ń fúnni ní àṣẹ àti ìmọ̀, òun náà ni ó sì ń jẹ ohun tí a pa. Igbó Apẹtẹ kò ní padà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, odò Ọ̀nà náà kò sì mọ́ bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó mọ ojú ẹsẹ̀ ẹran ṣì wà láàyè ní abúlé kan, ọmọ rẹ̀ sì lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Kí ó lọ bá a jókòó nísinsìnyí tí ó ṣì lè fọhùn, kí olùkọ́ sì mú ìwé àti bírò tẹ̀lé e. Àrìnpa o.