Bí Mo Ṣe Ń Fi Fóònù Ṣírò Èsúsú Màmá Mi

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ nípa ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn kan mú bọ́ọ̀lù, àwọn kan mú bí wọ́n ṣe ń dín dòdò. Èmi mú spreadsheet. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, spreadsheet fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín màmá mi àti ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, èmi gan-an ni mo sì fa wàhálà náà.

Màmá mi ló ń kó èsúsú jọ fún àwọn obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní London. Àwọn méjìlá ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá £100 lóṣooṣù, ẹnì kan á sì kó £1,200 lẹ́ẹ̀kan náà, títí yóò fi kárí. Èsúsú kì í ṣe nǹkan tuntun o, wọ́n ti ń dá a nílẹ̀ Yorùbá kí bàńkì tó dé. Àwọn ará Trinidad ń pe tiwọn ní "susu", àwọn ará Jàmáíkà ń pe tiwọn ní "pardner". Kò sí lọ́yà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó so ó pọ̀ ni pé gbogbo wọn gbà pé ẹni tó ń gba owó mọ iye tó wọlé àti ọwọ́ ẹni tó ti wá.

Tẹ́lẹ̀, inú ìwé kékeré kan ni màmá mi ń kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ kan epo ọbẹ̀ dà sí i, oṣù kẹta àti oṣù kẹrin bá lẹ̀ mọ́ra. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí fóònù." Wọ́n ní kí ló dé tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń gba owó, nígbà míì nínú bọ́ọ̀sì, ta ló ń gbé kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀? Google Sheets ni mo lò, torí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń tọ́jú ohun tí a kọ pamọ́ fúnra rẹ̀.

Kí ni spreadsheet? Ẹ rántí ọpọ́n ayò. Ọpọ́n ayò ní ilé méjìlá, ọmọ ayò ló sì ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọpọ́n ni spreadsheet náà, àmọ́ ilé inú tirẹ̀ pọ̀ lọ súà, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àdírẹ́sì. Lẹ́tà A, B, C wà lókè, nọ́ńbà 1, 2, 3 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ilé tó wà lábẹ́ B, tó sì bọ́ sórí ìlà 7, B7 ni wọ́n ń pè é. Orúkọ àwọn àǹtí wà lábẹ́ A, iye tí wọ́n san wà lábẹ́ B.

Dan Bricklin àti Bob Frankston, ará Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì, ló ṣe èyí tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kékeré, lọ́dún 1979. VisiCalc ni wọ́n pè é. Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu nígbà yẹn ni pé tí o bá yí nọ́ńbà kan padà, gbogbo àròpọ̀ tó gbára lé e á yí padà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn náà ló ń ṣe lórí fóònù mi. Nínú B14 mo kọ =SUM(B2:B13). Àmì = ń sọ fún un pé kó ṣírò. SUM ní kó ro ó pọ̀. B2:B13 ní kó bẹ̀rẹ̀ láti B2, kó dúró sí B13. Ó tán.

Ibi tí mo ti jìn sí kòtò rèé. Àǹtí mọ́kànlá ń fi owó ránṣẹ́ gba bàńkì. Ẹnì kan ṣoṣo, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló máa ń san káàṣì. Ní oṣù kẹfà, Ìyá Ìbejì ka £100 lé màmá mi lọ́wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Mo kọ "100 káàṣì" sínú B9, ká má bàa gbàgbé pé owó ọwọ́ ni. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọjọ́ tí owó máa jáde, màmá mi wo ìsàlẹ̀, wọ́n rí 1,100. Wọ́n wo bàńkì, mọ́kànlá ló wọlé. Ta ni kò sí níbẹ̀? Ìyá Ìbejì. Káàṣì yẹn ńkọ́? Màmá mi ti ná an lọ́jà lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n ní àwọn á dá a padà, wọ́n sì gbàgbé pátápátá. Ni wọ́n bá gbé fóònù. Wọ́n rọra sọ ọ́ o: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bóyá ẹ ò rántí ti oṣù yìí." Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì: "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo kà á lé yín lọ́wọ́. Ọmọ yín wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ara mi bù máṣọ. Mo gba fóònù, mo fà á wálẹ̀ dé B9, "100 káàṣì" sì wà níbẹ̀ gbangba. Kí ló wá dé tí àròpọ̀ ò pé?

Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun kan náà lójú spreadsheet. 100 jẹ́ nọ́ńbà. "100 káàṣì" jẹ́ ọ̀rọ̀, bí ìgbà tí mo bá kọ "ẹ̀bà" síbẹ̀. SUM kì í sì í ro ọ̀rọ̀ pọ̀. Kò ní pariwo, kò ní sọ pé nǹkan kù, ńṣe ló máa fò ó kọjá bí ẹni pé ilé náà ṣófo. Ká ní àmì + ni mo lò, bíi =B8+B9, ì bá ti gbé #VALUE! jáde, à bá sì ti mọ̀ pé nǹkan ti bà jẹ́. SUM dákẹ́ ni tiẹ̀. Dídákẹ́ yẹn gan-an ni mi ò fẹ́ràn nípa rẹ̀.

Àmì kan wà tó yẹ kí n ti rí. Bí èèyàn ò bá fọwọ́ yí i, nọ́ńbà máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ a máa fara ti ọwọ́ òsì. Àmọ́ ojú fóònù kéré, "100 káàṣì" sì ti kún ilé rẹ̀ dẹ́nu, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Lẹ́tà O dípò òdo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: 1OO kì í ṣe 100.

Màmá mi fi £100 tiwọn dí i, wọ́n sì pe Ìyá Ìbejì padà, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Ní Sunday tó tẹ̀lé e, èmi náà dọ̀bálẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dìde. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje, wọn ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí mo fi tẹ 100 tán, tí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí i pé àròpọ̀ lọ sókè.

Báyìí, nọ́ńbà nìkan ló ń wọ B. "Káàṣì" tàbí "bàńkì" ń lọ sí C. Mo tún fi ọlọ́dẹ méjì síbẹ̀. =COUNT(B2:B13) ń ka ilé tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ nìkan. =COUNTA(B2:B13) ń ka gbogbo ilé tí nǹkan bá wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ nọ́ńbà. Tí àwọn méjèèjì bá bára mu, ọkàn mi balẹ̀. Ní oṣù kẹfà yẹn, ọ̀kan ì bá sọ 11, èkejì ì bá sọ 12, mi ò bá ti mọ̀ kí màmá mi tó gbé fóònù.

Mo tún gbé àròpọ̀ kúrò nísàlẹ̀ lọ sí E1, kí n má bàa máa fi àtàǹpàkò fà á wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó ní èrè míì: tí ẹnì kan bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, àyè wà fún orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí yí B13 padà sí B14 nínú fọ́múlà, ká má bàa tún fo ẹlòmíì. Fún orí ìlà àkọ́kọ́, ẹ tẹ nọ́ńbà 1, kẹ́ ẹ dì í mú, kẹ́ ẹ wá yan Freeze. Kò ní kúrò lójú yín mọ́ bí ẹ ti ń lọ sísàlẹ̀. Orúkọ náà, ọ̀nà kan ni kẹ́ ẹ máa gbà kọ ọ́. Màmá mi kọ "Ìyá Ìbejì" lóṣù kan, wọ́n kọ "Mama Twins" lóṣù kejì. Èèyàn méjì nìyẹn lójú fóònù.

Ti pípín ńkọ́? Lábẹ́ Share, Viewer lè wò nìkan, Editor lè yí nǹkan padà. Mo kọ́kọ́ fi gbogbo àwọn àǹtí sí Editor, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń fi nǹkan pamọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìka àǹtí kan ti pa nọ́ńbà mẹ́ta rẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, wọn ò sì mọ̀. Ìwé ológe epo ọbẹ̀ yẹn la fi kọ wọ́n padà. Ní báyìí, èmi àti màmá mi nìkan ni Editor.

Ẹ má rò pé ọmọdé nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní ọdún 2020, nígbà Kòfíìdì, orúkọ àwọn tó ní àrùn náà tó jẹ́ 15,841 ni kò wọ inú ìṣirò Public Health England fún ọjọ́ mélòó kan. Irú fáìlì Excel àtijọ́ kan ni wọ́n ń lò, kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ. Èyí tó lé sí i kò wọlé, kò sì sí ariwo kankan. Àwọn tó yẹ kí wọ́n kìlọ̀ fún pé wọ́n ti sún mọ́ aláìsàn ò tètè gbọ́.

Màmá mi ò ju ìwé wọn nù. Lálẹ́ ọjọ́ tí owó máa jáde, wọ́n á máa ka orúkọ láti inú ìwé, èmi á máa dáhùn láti orí fóònù. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí a dé orí Ìyá Ìbejì, màmá mi gbójú sókè wò mí.

Mo ní, "Ọgọ́rùn-ún. Káàṣì."

Wọ́n ṣí ìwé sí ojú ewé kejì.