Ohùn Béèsì: Bí Martti Talvela Ṣe Dé Orí Ìtàgé Ọpẹ́rà

Àwọn èèyàn Fínlándì kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà, síbẹ̀ ibẹ̀ ni Kim Borg, Martti Talvela àti Matti Salminen ti wá, àwọn akọrin béèsì, ìyẹn ohùn ọkùnrin tó jìn jù lọ, tí kò sí ilé ọpẹ́rà ńlá tí kò mọ̀ wọ́n. Ti Talvela ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé orí ìtàgé.

Ara ni ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Tán-án-ná inú gògóńgò ẹni tó ní béèsì gùn, ó sì nípọn, nítorí náà kì í yára gbọ̀n. Bí ohùn náà bá lọ sílẹ̀ pátápátá, ó lè má gbọ̀n ju bí ìgbà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó. Akọrin ọpẹ́rà kì í lo ẹ̀rọ amóhùn-bú-gbàù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun èlò orin ń dún láàárín òun àti àwọn òǹwòran. Bó bá ní kí òun pariwo borí wọn, ọ̀fun rẹ̀ á bàjẹ́. Ohun tí olùkọ́ ń fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ ni kí gògóńgò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ là, kí ó sì máa ṣọ́ èémí ná. Nígbà tó bá mọ́ ọn lára, ìró mìíràn tó mú, tó ń gbọ̀n ní bí ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú àáyá, á yọ nínú ohùn jíjìn náà. Agbára àwọn ohun èlò ti dín kù níbẹ̀, ibẹ̀ ni ohùn èèyàn kan ṣoṣo sì ń gbà la gbogbo wọn kọjá. Kò sí ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ yìí tó èyí.

Hiitola ní Karelia ni wọ́n bí Talvela sí ní 1935. Ilẹ̀ náà ti di ti Rọ́ṣíà báyìí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe. Ó kọ́ orin ní Lahti, ó sì lọ bá Carl Martin Öhman ní Stockholm. Ní 1962, lẹ́ni ọdún 27, ó ṣe Titurel, ọba arúgbó, ní Bayreuth ní Jámánì. Bí iṣẹ́ béèsì ṣe rí nìyẹn: ọba, àlùfáà àti baba ni wọ́n máa ń fún wọn ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn gan-an kì í tètè gbó.

Láti 1972 sí 1979, òun ló darí àjọ̀dún ọpẹ́rà Savonlinna nílé. Ó kú ní 1989. Ẹ wá àwo ọpẹ́rà Boris Godunov tó ti kọrin, kí ẹ sì fetí sí i dáadáa.