Ìdè àti Ìdúróṣinṣin: Ọ̀rọ̀ Awò Kámẹ́rà àti Oníbàárà ní Òkè-Ògùn

Ìfáàrà

Iṣẹ́ òfì wà lára ohun tó sọ Ìsẹ́yìn di ìlú olókìkí. Ahunṣọ tó ra òfì lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lè ra ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó sì ra òwú lọ́wọ́ ẹni kẹta. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ayàwòrán tí ń ya ìgbéyàwó àti òkú àgbà ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ṣakí. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà rẹ̀ lè pinnu irú awò tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ìdènà náà ṣe ń wáyé, ó sì wádìí bóyá ìdè lè bí ìdúróṣinṣin.

Ohun Tó So Awò Mọ́ Kámẹ́rà

Awò ni ojú kámẹ́rà. Òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ibi tí awò ti ń wọ ara kámẹ́rà ni a pè ní ẹnu níhìn-ín. Láyé àtijọ́, bí irin ẹnu méjèèjì bá ti bá ara mu, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lóde òní, kámẹ́rà ń fi iná mànàmáná ránṣẹ́ sí awò nípa ibi tí yóò dojú kọ àti bí ihò ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe tóbi tó. Àṣírí ilé-iṣẹ́ ni èdè àárín àwọn méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tó bá fẹ́ ṣe irú awò bẹ́ẹ̀ ní láti gba àṣẹ, tàbí kí ó tú àṣírí náà fúnra rẹ̀. Awò tí a ń fọwọ́ yí kò nílò èdè yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ya ìyàwó tó ń jó bọ̀ lágbo kò ráyè yí i.

Ìrírí Àwọn Ilé-Iṣẹ́

Ní 1987, Canon pa ẹnu FD tì, ó sì gbé EF jáde. Awò àtijọ́ kò bá kámẹ́rà tuntun mu mọ́, èyí sì bí ọ̀pọ̀ oníbàárà nínú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé ẹnu RF jáde ní 2018, ó ṣe irin àsopọ̀ tó jẹ́ kí awò EF máa ṣiṣẹ́ lọ. Síbẹ̀, ní 2022, Viltrox ti ilẹ̀ Ṣáínà dá títa àwọn awò RF rẹ̀ kan dúró, nítorí Canon ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Ní 2024 ni Canon tó fún Sigma àti Tamron láyè, fún kámẹ́rà tí ojú agbàmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kéré. Sony ní tirẹ̀ ti ṣí ìmọ̀ ẹnu E sílẹ̀ fún àwọn aṣawò mìíràn láti 2011, láìgba owó.

Ìdè Kì Í Ṣe Ìdúróṣinṣin

Òtítọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀, awò tí kò dára sì lè ba orúkọ kámẹ́rà jẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ayàwòrán ń kó awò jọ, tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kámẹ́rà a máa tètè gbó. Awò a máa pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan yóò ta gbogbo awò rẹ̀ ní ìtàpa. Nítorí náà, bí oníbàárà bá dúró fún ọdún mẹ́wàá, ìyẹn kò fi hàn pé inú rẹ̀ dùn.

Nínú ìwé owó, ẹni tí kò lè lọ àti ẹni tó lè lọ ṣùgbọ́n tí kò lọ jọ ara wọn. Ọjọ́ tí ọmọ-iṣẹ́ bá gba òmìnira, tó sì bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè pé, “Ọ̀gá, irú kámẹ́rà wo ni kí n rà?” ni ìyàtọ̀ wọn máa ń hàn. Ìdè kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa fún ilé-iṣẹ́ kankan.

Àgbálọgbábọ̀

Ìyàtọ̀ 1987 sí 2018 fi hàn pé ohun tó ń mú oníbàárà dúró tọkàntọkàn ni ìdánilójú pé ohun tó rà lánàá kò ní di àkísà lọ́la. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra. Ó yẹ kí olùkọ́ni kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n wo ẹnu kámẹ́rà kí wọ́n tó wo iye rẹ̀, nítorí kì í ṣe kámẹ́rà nìkan ni wọ́n ń rà. Wọ́n ń yan ẹni tí wọn yóò máa bá ná ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún.