Ẹnu Ọmọdé Ni Ohun-Èlò Orin Àkọ́kọ́

Zoltán Kodály, olórin ilẹ̀ Húngárì tí wọ́n bí sí ìlú Kecskemét ní ọdún 1882, gbà pé bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè abínibí rẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ kó tó mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí orin wọ̀ ọ́ létí, kó sì yọ lẹ́nu rẹ̀, kí olùkọ́ tó ya àmì kankan sójú pátákó. Òun àti Béla Bartók, olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti rin abúlé dé abúlé láti kó orin ìbílẹ̀ jọ, orí orin wọ̀nyẹn ló sì fẹ́ kí ọmọ gbà dé ọ̀dọ̀ Bach àti Mozart. Ní ọdún 1950, wọ́n dá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ ní Kecskemét, níbi tí orin ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ìró méjì péré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn so àti mi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé àlàfo àárín wọn rọ ohùn ọmọdé lọ́rùn. La ló tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni do àti re. Fa àti ti ló ń kẹ́yìn, nítorí ìdajì ìṣísẹ̀ ló wà láàárín mi àti fa, àti láàárín ti àti do òkè, irú àlàfo tóóró bẹ́ẹ̀ sì máa ń ṣòro fún ọmọ kékeré láti kọ kó má yẹ̀.

Ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ìwé fún wọn. Bí olùkọ́ bá di ẹ̀ṣẹ́ sí déédéé ìbàdí, do nìyẹn. Bí ó bá na ọwọ́ gbọọrọ níwájú àyà, tí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀, mi ni. Bí ó bá gbé e sókè díẹ̀ sí i, tí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ òun fúnra rẹ̀, so ni. John Curwen ará Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń lo àwọn àmì wọ̀nyí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí Kodály tó yá wọn. Ní ti ìlù, àwọn ọmọ a máa rìn yí kíláàsì po, ẹsẹ̀ kan fún ìlù kan, èyí tí wọ́n ń pè ní ta, wọn a sì pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lórí ẹsẹ̀ kan náà fún ti-ti. Báyìí ni ara wọn ṣe ń mọ̀ pé ìlù tó dúró ṣinṣin yàtọ̀ sí orin tó ń sáré lórí rẹ̀.

Sol-fa Curwen yìí kan náà, ìyẹn ọ̀nà fífi do, re, mi kọrin, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Yorùbá ń lò, àwọn olùkọ́ èdè sì ń fi dò, re, mí kọ́ni ní àmì ohùn. Ọmọ tó bá lè pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láìṣì wọ́n pè ti mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ̀bùn ńlá sì nìyẹn fún olùkọ́ orin. Síbẹ̀, ó yẹ kí ó ṣọ́ra, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ sísọ, mí kò ní ibùdó kan pàtó, kó ṣáà ga ju re lọ ti tó. Nínú orin, àlàfo re sí mi kì í yẹ̀, ohùn ìbáà rinlẹ̀, ìbáà tín-ín-rín. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti pe ọkọ́ tán, kí olùkọ́ fi fèrè tàbí dùùrù fún un ní do, kí ó sì ní kí ọmọ náà kọ re àti mi láti ibẹ̀.