Bí Fóònù Bá Sọnù, Báwo Ni Àkáǹtì Kírípítò Ṣe Ń Padà Síni Lọ́wọ́?

Bí fóònù bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní owó kírípítò, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ ni pé owó òun ti lọ. Owó náà kò sí nínú fóònù. Áàpù Binance, Coinbase, Quidax tàbí Busha tó wà lójú fóònù yẹn, ilẹ̀kùn lásán ni. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni owó wà. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ alájọ. Bí káàdì àjọ bá jábọ́ nínú mọ́tò, owó tí a ti dá kò bá káàdì lọ, nítorí ó wà nínú ìwé alájọ. Iṣẹ́ tó kù ni kí alájọ dá wa mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé alájọ ọjà mọ ojú oníbàárà rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kírípítò kò sì bá ẹnikẹ́ni pàdé rí. Ohun tó fi mọ̀ wá kò ju ímeèlì wa, nọ́ńbà fóònù wa, kóòdù tí à ń tẹ̀, àti káàdì ìdánimọ̀ tí a fi forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa sì kó mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí sínú fóònù kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó sọnù gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Oríṣi kóòdù méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń wá pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ sórí síìmù. Èkejì ni nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà nínú áàpù bíi Google Authenticator, èyí kò sì bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé rárá. Lọ́jọ́ tí ẹ so áàpù náà mọ́ àkáǹtì yín, ilé-iṣẹ́ náà fi àwòrán onígun mẹ́rin kan hàn yín, ẹ sì gbé kámẹ́rà sí i. Àṣírí kan ló wà nínú àwòrán yẹn: ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹ̀dà kejì wọ inú fóònù yín. Láti ọjọ́ náà, ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30, fóònù a mú àṣírí yẹn àti aago tó ń lọ lọ́wọ́, a fi wọ́n ṣe ìṣirò, nọ́ńbà mẹ́fà a sì jáde. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe ìṣirò kan náà níbi tó wà. Bí tàwọn méjèèjì bá bára mu, ilẹ̀kùn ṣí. TOTP ni wọ́n ń pe ìlànà náà, ọdún 2011 ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé láti lò. Òun ló jẹ́ kí kóòdù yín máa jáde bí dátà tilẹ̀ ti tán, tí kò sí síìmù kankan nínú fóònù. Òun náà ló fà á tí kóòdù fi ń kọ̀ nígbà tí aago fóònù bá ti sáré ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tó fà sẹ́yìn.

Nítorí náà, síìmù tuntun kò lè dá kóòdù Authenticator padà. Ẹni tó lọ ṣe “welcome back”, ìyẹn gbígba nọ́ńbà rẹ̀ padà sórí síìmù tuntun, tó ki síìmù bọ fóònù tuntun, tó sì gba áàpù náà sórí rẹ̀, lè ṣí i kó bá a lófìfo. Àṣírí ọjọ́ kìíní ló sọnù, kò sì sí ìdí tí MTN tàbí Airtel fi máa ní in lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Láti oṣù Igbe 2023 ni Google ti fún áàpù yìí láǹfààní láti máa fi ẹ̀dà pamọ́ sínú àkáǹtì Google ẹni. Bí ẹ bá ti gbà á láàyè nígbà náà, àwọn kóòdù yín yóò padà yọjú ní kété tí ẹ bá fi ímeèlì yẹn wọlé sínú áàpù lórí fóònù tuntun. Áàpù Authy, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ní ọ̀nà ìpamọ́ tirẹ̀, bí ẹ bá rántí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ fi dì í.

Ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ má tíì ronú gbígbà padà. Ẹ ti ilẹ̀kùn ná. Ẹ yá fóònù ẹlòmíràn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ẹ pe 300, kí wọ́n dá síìmù náà dúró. Nọ́ńbà yìí kan náà ni fún MTN, Airtel, Glo àti 9mobile tó ti di T2. Síìmù ló yẹ kó ṣáájú, nítorí olè kò nílò pátánì fóònù yín kó tó lè lò ó. Yóò yọ síìmù, yóò kì í bọ fóònù tirẹ̀, yóò lọ sí ojú ìwọlé ímeèlì yín, yóò sì sọ pé òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kóòdù yóò bọ́ sí. Lẹ́yìn síìmù, ẹ pe báǹkì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ojú ewé tí Google tàbí Apple fi ń wá fóònù tó sọnù, ẹ fi tì í láti òkèèrè. Ti Apple kì í béèrè kóòdù tó máa ń lọ sórí fóònù, ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ti tó, nítorí wọ́n mọ̀ pé fóònù yẹn gan-an lẹ ń wá.

Bí kọ̀ǹpútà kan bá wà nílé tí àkáǹtì kírípítò náà ṣì ṣí sórí rẹ̀, oríire ńlá nìyẹn. Ẹ má ṣe jáde kúrò nínú rẹ̀ o. Ẹ lọ síbi ètò ààbò, ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú àkáǹtì náà, ẹ yọ fóònù tó sọnù kúrò. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tún ní bọ́tìnì tí a fi ń dá àkáǹtì dúró fúnra ẹni. Ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí ojú fóònù sì ṣí sílẹ̀ lákòókò náà, kò gbọdọ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á béèrè káàdì ìdánimọ̀ kí wọ́n tó ṣí i padà, ìyọnu kékeré sì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí owó lọ.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti tì la tó ń tò ó padà, ó sì ní bó ṣe ń tẹ̀lé ara wọn: nọ́ńbà, ímeèlì, lẹ́yìn náà àkáǹtì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ sí ilé-iṣẹ́ kírípítò yóò kàn máa gba ìdáhùn sínú ímeèlì tí kò lè ṣí.

Nọ́ńbà rọrùn bí ó bá jẹ́ pé orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀. Ẹ mú NIN yín dání lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà fúnra yín. Wọ́n lè ní kí ẹ tẹ ìka, wọ́n sì lè béèrè ìwé ìbúra láti kóòtù tàbí ìwé láti àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín tàbí ọ̀rẹ́ kan ló fi NIN tirẹ̀ so síìmù yẹn, òun ló gbọ́dọ̀ lọ.

Ti ímeèlì le díẹ̀. Google a fẹ́ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí fóònù kan náà tó ti lọ. Ẹ yan ọ̀nà mìíràn lójú ewé yẹn: nọ́ńbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà padà, ímeèlì kejì, tàbí ọ̀kan nínú kóòdù 10 tí Google máa ń fún ènìyàn láti kọ pamọ́. Bí kò bá sí ìkankan, ẹ lo kọ̀ǹpútà tí ẹ ti máa ń fi wọ ímeèlì yẹn tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹ ti sábà ń lò ó, nílé tàbí níbi iṣẹ́. Google ń wo ẹ̀rọ àti àdúgbò, wọ́n sì ń kà á kún ẹ̀rí. Ẹni tó sáré lọ sí káfè tí kò dé rí ti sọ ẹ̀rí yìí nù.

Wàyí o, ó kan ilé-iṣẹ́ kírípítò gan-an. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì wọn, ẹ má gba ojú ìpolówó kọjá. Ẹ fi ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé. Níbi tí wọ́n ti béèrè kóòdù, ìlà kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀ tó ń béèrè bóyá ẹ kò lè rí kóòdù náà mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí ímeèlì àti síìmù, wọ́n á ní kí ẹ ya káàdì ìdánimọ̀ yín, lẹ́yìn náà kámẹ́rà yóò ṣí. Wọ́n á ní kí ẹ ṣẹ́jú, kí ẹ yí orí sí ọ̀tún, sí òsì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn alààyè ló wà níwájú kámẹ́rà. Àwọn kan tún ń fẹ́ kí ẹ di ìwé tí ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sí mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín. Ẹ kọjú sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ̀ láti iwájú. Ẹ tú gèlè tàbí fìlà, ẹ bọ́ gíláàsì ojú. Kí gbogbo igun káàdì hàn, kí iná má ta lórí rẹ̀.

Ohun kan tó sábà ń dá ìbéèrè padà ni orúkọ. Obìnrin tó ṣí àkáǹtì kó tó relé ọkọ, tí NIN rẹ̀ sì ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ báyìí, yóò ní láti fi ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra tì í lẹ́yìn. Ẹni tí orúkọ àárín rẹ̀ wà lórí káàdì tí kò sì sí nínú àkáǹtì lè pàdé ìdádúró bákan náà. Ẹ má torí ìbínú fi ìbéèrè tuntun ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ dáhùn lórí èyí tó ti wà nílẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà á, ẹ ó wọlé, ẹ ó rí owó yín, ẹ kò sì ní lè gbé e jáde. Kí ẹ má bàa fòyà ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń dá gbígbé owó jáde dúró fún wákàtí 24 tàbí 48 lẹ́yìn irú àtúntò bẹ́ẹ̀, nítorí bí ó bá jẹ́ olè ló tún un tò, àkókò yẹn ni olówó yóò fi ké gbàjarè.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń dúró yìí, àwọn gbájúẹ̀ ń dúró dè yín. Bí ẹ bá kọ ẹjọ́ yín sórí X tàbí Telegram, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan tó gbé àmì ilé-iṣẹ́ náà sójú yóò kàn sí yín pé òun ni oníṣẹ́ wọn. Yóò bẹ̀bẹ̀, yóò tù yín nínú, yóò sì fi líǹkì kan ránṣẹ́. Ó lè mọ orúkọ yín àti nọ́ńbà yín tẹ́lẹ̀, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di òótọ́. Ní oṣù Èbìbí 2025, Coinbase fúnra rẹ̀ kéde pé àwọn ọ̀daràn ti fún àwọn òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kan lókè òkun ní rìbá kí wọ́n lè kó orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà jáde. Mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ gidi kò ní béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín, kò ní béèrè kóòdù, kò sì ní ní kí ẹ gbé owó lọ sí àkáǹtì “ààbò” kankan. Ẹni tó bá gba owó tẹ́lẹ̀ pé òun yóò bá yín gba àkáǹtì padà, olè ni.

Àwọn méjì kan wà tí ọ̀nà yìí kò ní ràn lọ́wọ́. Èkíní ni ẹni tó ra àkáǹtì tí wọ́n ti fi ojú àti káàdì ẹlòmíràn ṣí. Nígbà tí kámẹ́rà bá ṣí, ojú ta ni yóò rí? Lójú ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tó ni káàdì ló ni owó. Èkejì ni ẹni tí kò fi owó rẹ̀ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan, tó ń lo àpò bíi Trust Wallet tàbí MetaMask. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí wọ́n fún un lọ́jọ́ kìíní ni gbogbo ẹ̀rí. Bí wọ́n bá wà lórí ìwé, fóònù èyíkéyìí yóò gbé owó náà padà. Bí wọn kò bá sí, kò sí ọ́fíìsì tó lè ṣe é.

Ààbò tó dúró lórí nọ́ńbà fóònù nìkan kò tó. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, wọ́n gba ojú ewé X àjọ SEC, tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, nípa gbígbé nọ́ńbà rẹ̀ sórí síìmù mìíràn, wọ́n sì fi kéde ìròyìn èké nípa Bitcoin. Nílé wa níhìn-ín, nọ́ńbà tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà lè di èyí tí wọ́n pa, bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì tún kọjá, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tó gbàgbé síìmù Nàìjíríà rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ní láti rántí èyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí fóònù yín ṣì wà lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ wọ inú ètò ààbò àkáǹtì yín lónìí. Ẹ tún Authenticator so, kí ẹ sì fi bíró kọ àṣírí tó máa wà lábẹ́ àwòrán onígun mẹ́rin náà sórí ìwé. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, nítorí inú fóònù kan náà ni fọ́tò yóò wà. Ẹ kọ kóòdù 10 ti Google náà, ẹ fi nọ́ńbà àṣírí (PIN) ti síìmù yín pa, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ yín sí.