Ilẹ̀kùn Èémí Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà tí ń dán lára ọkọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ táyà. Ọ̀rọ̀ èémí ọkọ̀ ni. Bí ènìyàn ṣe ń mí ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń mí. Bí ọ̀nà èémí rẹ̀ bá sì dàrú, agbára rẹ̀ kò lè pé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo awakọ̀ kan ní Ìjù. Ọkọ̀ Sienna ni ó ń wà, èrò ni ó sì fi ń kó. Ní ọjọ́ kan yóò gba Ìta-Ògbólú lọ sí Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ kejì yóò yí ojú ọkọ̀ sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, yóò gba ibẹ̀ lọ sí Adó-Èkìtì. Ọkọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, bí ó ti wù kí awakọ̀ tẹ tọ́tù tó, ọkọ̀ kò fẹ́ gùn ún. Bí ó bá dúró, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n. Epo tí ó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ kò tó o mọ́. Iná kékeré tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì sì ti tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹnì kan ní kí ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ wọn. Ẹlòmíràn ní pọ́ọ̀ǹpù epo ni. Ó ra òmíràn. Owó ń lọ, àrùn kò lọ. Irú èyí ni àwọn àgbà ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní irú ọkọ̀ báyìí, ẹ̀tẹ̀ náà lè jẹ́ ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kékeré kan tí ó wà ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ojú kì í tètè rí. Fúláàpù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é.

Kí ni iṣẹ́ ilẹ̀kùn yìí? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín síwájú ẹnu. Ẹ la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, kí ẹ mí sí ọwọ́ náà: háà. Ẹ ó rí i pé èémí náà rọra jáde, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wàyí o, ẹ ṣu ẹnu jọ bí ẹni tí ń fẹ́ iná, kí ẹ fẹ́ ẹ: fúù. Ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ náà yára, ó sì le. Inú kan náà ni èémí méjèèjì ti wá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde ni ó yàtọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ àṣírí yìí tipẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu ẹwìrì ní tóóró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ rí. Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìn a máa sọ̀ kalẹ̀ nínú sílíńdà, yóò sì fa afẹ́fẹ́ wọlé, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì ti ń fa oògùn. Kí afẹ́fẹ́ yìí tó dé ibẹ̀, yóò la asẹ́ kọjá, yóò sì wọ inú mánífóòdù. Mánífóòdù ni ó ń pín in fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ìka ti yà lára àtẹ́lẹwọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀pá rẹ̀ ṣe yà.

Bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ó ń fà. Bí ọ̀nà bá gbòòrò jù, afẹ́fẹ́ díẹ̀ yìí yóò máa wọ́ lọ ni, kò ní lè po mọ́ epo dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ó fẹ́. Ọ̀nà tóóró yóò sì fún un lọ́rùn. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe fi ilẹ̀kùn sí ojú ọ̀nà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, ilẹ̀kùn a padé, afẹ́fẹ́ a gba ibi tóóró, a yára, a sì máa yí po bí ìjì kékeré. Bí eré bá pọ̀, ilẹ̀kùn a ṣí. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, ńṣe ni ilẹ̀kùn náà ń sọ ọ̀nà gígùn di kúkúrú. Irú èyí wà nínú ẹ́ńjìnnì sílíńdà 6, lítà 3.0, tí Toyota fi sínú Sienna ti ọdún 1998 sí 2003.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ bọ̀lẹ̀kájà Bedford yóò rántí ṣóòkì, tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ fà ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ni òun náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ṣóòkì ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná. Èyí tí à ń sọ ń tún ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣe ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, kò sì sí ẹni tí ń fi ọwọ́ fà á.

Ta ni ó wá ń fà á? Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó ń pàṣẹ. Àṣẹ náà yóò gba inú wáyà lọ sí fáàfù kékeré kan tí iná ń ṣí. Fáàfù yìí yóò jẹ́ kí ìfà ẹ́ńjìnnì gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé inú agolo kékeré tí ó ní awọ rọ́bà nínú. Awọ náà yóò fa ọ̀pá irin, ọ̀pá irin yóò fa apá ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn yóò sì yí. Nínú ọkọ̀ mìíràn, mọ́tò iná kékeré ni ó ń ṣe iṣẹ́ agolo yìí. Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ gbà fún ọwọ́ ni. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá gba iṣẹ́, ilẹ̀kùn kò ní gbọ́. Kì í wá ṣe ilẹ̀kùn ni ó jẹ̀bi ní gbogbo ìgbà.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ibẹ̀ ni àìsàn wà? Bí ilẹ̀kùn bá ṣí tí kò lè padé, ọkọ̀ a máa gbọ̀n ní ìdúró, pàápàá ní òwúrọ̀ tí ara rẹ̀ tutù, kì í sì í lágbára láti gbéra. Bí ó bá padé tí kò lè ṣí, ọkọ̀ yóò gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní lè sáré. Ìkejì yìí léwu gidigidi. Ẹ wo awakọ̀ tí ó bọ́ sí apá kejì ọ̀nà láti ya ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó tẹ tọ́tù, tí agbára kò sì wá, tí ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ níwájú. Ẹ̀mí èrò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣàkíyèsí irú àìlágbára bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe ya ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi tún ọkọ̀ ṣe.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ohun àkọ́kọ́ ni kí a fi sìkánà ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ihò kan náà fún sìkánà, lábẹ́ ọwọ́ ìdarí, nítorí náà púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wa ní in. Bí sìkánà bá kọ P2004, ó ń sọ pé ilẹ̀kùn kò padé. P2006 ń sọ pé kò ṣí. P2015 ń sọ pé ìròyìn nípa ibi tí ilẹ̀kùn wà kò bá ohun tí kọ̀ǹpútà ń retí mu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: sìkánà ń dárúkọ àdúgbò, kò dárúkọ ilé. Kò sọ pé kí ẹ ra mánífóòdù tuntun. Bí a bá sì kàn pa iná náà láìwá ìdí rẹ̀, yóò tún tàn.

Èkejì, kí a pa ọkọ̀, kí ara rẹ̀ tutù, kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí a fi ojú àti ọwọ́ tọ àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà láti orí dé ìdí. Ooru a máa mú kí wọ́n gan, kí wọ́n sì sán. Òmíràn a ti yọ kúrò lẹ́nu ihò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ sì gbọ́ ìró síì, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Rọ́bà kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó máa ń ti ẹlòmíràn ra ẹ́ńjìnnì odindi.

Ẹ̀kẹta, kí a wo ọ̀pá irin náà. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kí ó tan án, kí ó sì tẹ tọ́tù díẹ̀díẹ̀, kí mẹkáníìkì máa wo ọ̀pá náà. Nínú ọkọ̀ kan, ọ̀pá a wọlé ní kété tí ọkọ̀ bá tàn. Nínú òmíràn, ìgbà tí eré bá gòkè ni yóò mira. Ìwé ọkọ̀ náà ni yóò sọ èyí tí ó tọ́. Ẹ ṣọ́ra o! Kí ẹni tí ó wọ agbádá tàbí tí ó so gèlè má ṣe bẹ̀rẹ̀ síwájú fáànù tí ń yí.

Ẹ̀kẹrin, kí a pa ọkọ̀, kí a fi pọ́ọ̀ǹpù ìfà alọ́wọ́ fa agolo náà. Bí ó bá dá ṣáṣá, ọ̀pá yóò wọlé, yóò sì dúró síbẹ̀. Bí ọ̀pá bá ń rọra padà, awọ inú agolo ti lu. Bí agolo bá dára, kí a wo ìfà tí ń ti inú ẹ́ńjìnnì wá: ní ọkọ̀ elépo bẹntiróòlù tí ara rẹ̀ le, tí kò ní tọ́bò, gééjì sábà máa ń wà láàárín íǹṣì 17 sí 21 ní ìdúró. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní irú ìfà bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù ni ó ń ṣe é fún un. Bí ìfà bá wà tí agolo sì dára, ẹ pe riwáyà kí ó wo fáàfù oníná àti wáyà rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a fi ìka yí apá ilẹ̀kùn náà nígbà tí ọkọ̀ wà ní pípa. Ó yẹ kí ó lọ geere, kí ó sì padà. Bí ó bá le, kábọ̀n ti dì í. Bí ó bá ń lọ gbọ̀lẹ̀gbọ̀lẹ̀ tí kò fa nǹkan kan, apá rẹ̀ ti ṣẹ́. Ike ni apá yìí nínú ẹ́ńjìnnì M272 tí Mercedes-Benz bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2004, a sì máa ṣẹ́.

Bí kábọ̀n bá ni, a ó tú mánífóòdù sílẹ̀, a ó sì fi aṣọ mímọ́ di àwọn ojú ihò ẹ́ńjìnnì kí nọ́ọ̀tì tàbí ìdọ̀tí má baà já sínú rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fi fọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni kí a lò, ní ìta gbangba, níbi tí iná kò sí. Ẹ má ṣe da bẹntiróòlù sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bí a bá ń dá a padà, kí a lo gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kí a sì máa di àwọn bóòtù díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ìwé ọkọ̀ ti wí, nítorí bí ọ̀kan bá le ju èkejì lọ, afẹ́fẹ́ yóò tún jò. Lẹ́yìn náà ni kí a tó pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù, kí a gbé ọkọ̀ gun òkè, kí a sì tún fi sìkánà wò ó.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí a bá tú mánífóòdù, kí a ka àwọn ilẹ̀kùn náà. Bí ọ̀kan bá dín, tàbí tí ẹyọ ìdè rẹ̀ kan kò sí, ẹ má ṣe tan ọkọ̀ náà títí ẹ ó fi rí i. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì M47 àti M57 ti BMW, ilẹ̀kùn irin wọ̀nyí ti já bọ́ sínú sílíńdà rí, ó sì ba písítìn jẹ́. Ilẹ̀kùn tí kò ju owó ẹyọ lọ lè pa ẹ́ńjìnnì odindi.

Níbo ni kábọ̀n yìí ti ń wá? Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Èéfín tí ọkọ̀ ń dá padà sínú ara rẹ̀, àti oru ọ́ìlì tí ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn bí dúdú tí ń so mọ́ àjà ilé ìdáná. Bí ẹ kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, tí ẹ kò sì tún fáàfù oru ọ́ìlì ṣe, ilẹ̀kùn tí ẹ fọ̀ lónìí yóò tún dì. Ní ìgbà ọyẹ́ tí eruku bo ọ̀nà, ẹ máa wo asẹ́ afẹ́fẹ́ léraléra.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ awakọ̀ wa ní Ìjù. Kò di dandan kí òun fúnra rẹ̀ mú sípánà. Ṣùgbọ́n ó lè béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, kí ni sìkánà wí? Ṣé ẹ ti wo rọ́bà? Ṣé agolo di ìfà mú? Ṣé apá ilẹ̀kùn ń lọ?” Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, inú rẹ̀ yóò dùn pé oníbàárà òun mọ ohun tí ó ń fẹ́. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà. Kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí kò gba iṣẹ́ nínú wọn, kí a tó ná owó.

Ó dàbọ̀ o. Kí ọ̀nà gbogbo yín là.