Èyí Tó Ń Ṣọ́ Dátà, Èyí Tó Ń Ṣọ́ Ẹni: Àwọn Àfikún Inú Bráúsà

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà fowó lé owó ìpè àti dátà. Wọ́n ní àlékún náà kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 50 nínú 100. Ẹni tó bá wà ní Iresi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, tó so kọ̀ǹpútà mọ́ hotspot fóònù rẹ̀, kò ní dátà tí yóò fi ṣòfò. Síbẹ̀, kó tó ka ìròyìn ojú ìwé kan tán, ìpolówó bàtà, ìpolówó tẹ́tẹ́ àti fídíò tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ á ti jẹ nínú dátà náà.

Ohun tó lè dá wọn dúró wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Inú bráúsà ló ń gbé, ìyẹn Chrome, Firefox, Edge tàbí èyí yòówù tí ènìyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Extension ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é: àfikún kékeré tí ẹlòmíràn kọ, tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà wá fi kún bráúsà rẹ̀ kó lè ṣe iṣẹ́ tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀.

Èyí tó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó ń ra dátà ni uBlock Origin. Raymond Hill, ará Kánádà, ló gbé e jáde ní 2014. Kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, kódà kì í gba ọrẹ. Àfikún yìí ní àkọsílẹ̀ gígùn ti àwọn àdírẹ́sì tí ìpolówó àti àwọn atọpinpin (àwọn tó ń ṣọ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ti ń wá. Bí ojú òpó kan bá ní kí bráúsà lọ gbé nǹkan wá láti ibẹ̀, kò ní jẹ́ kó lọ. Ohun tí kò wọlé rárá kò sì lè jẹ dátà ẹnikẹ́ni.

Chrome orí fóònù Android kì í gba àfikún. Firefox ń gbà á, àti pé láti oṣù Ọ̀pẹ 2023 ni wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfikún lórí fóònù. Lórí kọ̀ǹpútà pàápàá, Google ti yí òfin tó de àwọn àfikún padà, òfin tuntun náà sì ti uBlock Origin gangan jáde kúrò nínú Chrome. Àbúrò rẹ̀, uBlock Origin Lite, ló kù níbẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ odindi rẹ̀, Firefox ni kó lọ. Kí a má sì gbàgbé pé owó ìpolówó ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tí a ń kà lọ́fẹ̀ẹ́ fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé ìròyìn kan lè ní kí àfikún náà yọwọ́ lọ́rọ̀ ojú òpó tiwọn.

Fún akẹ́kọ̀ọ́, SingleFile máa ń ká odindi ojú ìwé kan, tàwòrán-tàwòrán, sínú fáìlì kan ṣoṣo. Bí dátà bá wà lówùúrọ̀, kó kó ohun tó fẹ́ kà pamọ́, kó sì kà á lálẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo yóò jàǹfààní Zotero, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà ní 2006. Àfikún rẹ̀ ń gba orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti àkọlé ìwé tí ènìyàn ń kà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú òpó náà ní tiwọn. Láti 2003 ni Chris Pederick ti ṣe Web Developer, tó ń fi egungun ojú ìwé han ẹni tó ń kọ́ ọ. Firebug, àfikún irú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 2006. Firebug wúlò débi pé àwọn tó ń ṣe bráúsà gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ní 2017, wọ́n dá a dúró nítorí pé Firefox fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é. Lónìí, bọ́tìnnì F12 lórí kọ̀ǹpútà ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, kò sì sí ohun tí a ó gbé wọlé.

Ní ti ààbò, Bitwarden ló yẹ kí gbogbo ilé ní. Ó ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù, ó sì ń hun èyí tó le fún ojú òpó kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àdírẹ́sì ló ń wò, kì í wo ojú. Bí gbájúẹ̀ bá ṣe ojú òpó tó jọ ti báńkì bí ìbejì, tó fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀, ènìyàn lè má rí i. Bitwarden kò ní gbé páswọ́ọ̀dù kalẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àfikún ló jẹ́ ọ̀rẹ́. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì láti fi ọ̀pọ̀ nínú wọn kún Chrome, pátákó kékeré kan máa ń yọ lókè, ó máa ń kọ ọ́ pé àfikún yìí lè ka gbogbo ohun tó wà lórí gbogbo ojú òpó tí ẹni náà bá ṣí, ó sì lè yí i padà. Gbogbo ojú òpó: báńkì, ímeèlì, JAMB. Àwọn ènìyàn ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á.

The Great Suspender fi èyí hàn. Ó ń mú kí ojú ìwé tí a kò lò sùn kí kọ̀ǹpútà má bàa wúwo, àwọn tó ń lò ó sì ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ní 2020, ẹni tó ni ín tà á fún ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di oṣù Èrèlé 2021, Google yọ ọ́ kúrò nítorí iṣẹ́ ibi tó wà nínú rẹ̀. Ní Kérésìmesì 2024, ó kan Cyberhaven, iléeṣẹ́ ààbò. Òṣìṣẹ́ wọn kan gba ímeèlì tó dà bíi pé Google ló fi ránṣẹ́, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, àwọn ọlọ́ṣà sì fi ẹ̀dà olóró àfikún iléeṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí bráúsà nǹkan bí 400,000 ènìyàn.

Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti wà láti oṣù Òkúdù 2023, ẹni tó bá sì ń gba NIN àti páswọ́ọ̀dù oníbàárà ti di ẹni tó di ẹrù ẹlòmíràn mú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Iresi, Ọ̀tan Ayégbajú àti Ìlá Ọ̀ràngún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ chrome://extensions sí ibi àdírẹ́sì nínú Chrome, tàbí about:addons nínú Firefox. Gbogbo àfikún tó wà níbẹ̀ ni yóò jáde. Èyí tí ẹ kò bá mọ ẹni tó gbé e wọlé, ẹ yọ ọ́ kí oníbàárà tó kàn tó jókòó.